Wọ́n Ka Àìsàn Mi sí Ìwà Burúkú

Orúkọ mi ni Sìkírátù. Iṣẹ́ àga ni mo ń ṣe ní Anloga Junction: àwọn káfíńtà á kan igi rẹ̀, èmi á gé fóòmù, màá rán aṣọ bò ó. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Alabar níhìn-ín ní Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Mo mu ọtí títí ó fi kù díẹ̀ kó gbẹ̀mí mi. Mò ń kọ èyí fún ẹni tó ń mu ún lọ́wọ́, tí gbogbo ilé ti ń sọ fún pé ìwà rẹ̀ ni kò dáa. Mò ń kọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò ní tàn yín. Bí ohùn mi bá le létí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á, ẹ kà á tán.

Kí ọtí tó dé, nǹkan kan ti wà níbẹ̀. Láti kékeré ni orí mi kì í ti í dákẹ́. Ẹ fojú inú wo ilé kan tí rédíò bíi mélòó kan ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ ò sì rí ibi tí wọ́n ti ń pa wọ́n. Bí inú orí mi ṣe rí nìyẹn. Ní makaranta, ilé kéwú wa, bí málàmù bá ka súrà fún wa, màá ti há a sórí kí àwọn yòókù tó gbọ́ ìdajì, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi máa délé, mo ti sọ wàláà mi nù. Màámi á rán mi ní tòmátì, òróró ni màá rà bọ̀, tàbí kí n má tètè bọ̀ rárá torí pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Wọ́n nà mí ní makaranta, wọ́n nà mí ní sùkúrù, wọ́n nà mí nílé. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bi ara rẹ̀ pé ọmọ tí a nà tó báyìí tí kò yí padà, ṣé kì í ṣe pé kò lè yí padà ni?

Nígbà tí mo dàgbà, iṣẹ́ àga bá mi lára mu, torí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ àga yìí, màá fi í sílẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Màá wọn aṣọ, màá gbàgbé ohun tí mo wọ̀n, màá gé e kúrú. Àwọn oníbàárà á pariwo lé mi lórí. Mo fẹ́ Múftáù tó ń ta pákó ní ìsọ̀ tó kọjú sí tiwa, a sì bí ọmọbìnrin kan, Hàmdíyà. Lẹ́yìn ìbí rẹ̀ ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kumasi, ẹ mọ mọ́tò tó máa ń gbé gbohùngbohùn kiri, tó ń ta bítáàsì. Ó wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó wo ẹ̀yìn dídùn, ó wo àárẹ̀, ó wo ọkọ tí kò lè ṣe ojúṣe rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tà á sọ fún wa pé ewé àti egbò ni, pé kì í ṣe ọtí. Mùsùlùmí ni wá, a kì í mutí nílé wa. Màámi gan-an ló fọwọ́ ara wọn rà á fún mi, wọ́n ní kí n máa fi ìdérí rẹ̀ mu ún láàárọ̀. Mo mu ún. Nígbà tó ṣe díẹ̀, gbogbo rédíò inú orí mi pa. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo rán aṣọ àga kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdìde. Mo sunkún ayọ̀. Mo rò pé Ọlọ́run ti wo ohun kan sàn lára mi tí mi ò tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún.

Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn: ọtí ni wọ́n fi rẹ ewé náà. Ìdérí kan di ìdajì ìgò, ìgò di méjì, bítáàsì di akpeteshie, ògógóró ilẹ̀ Ghana tó mọ́ gaara. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni mo fẹ́ sọ. Bí mo bá jí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi pé mi ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ àfi tí mo bá ti mu díẹ̀. Òógùn á bò mí nínú ọyẹ́. Màá máa bì láìjẹun. Oúnjẹ ò wù mí mọ́, inú sì ń bí mi sí ẹni tó bá kí mi. Bí o bá ti ń mu ọtí kí ọwọ́ rẹ má baà gbọ̀n, ìgbádùn ti kúrò níbẹ̀, àìsàn lo ń bá gbé yẹn.

Ní àdúgbò, wọ́n ń pè mí ní mashayiya, obìnrin ọ̀mùtí. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Gàníyù, tó di bàbá fún wa látìgbà tí bàbá wa ti kú, wá bá mi ní ìsọ̀.

“Sìkírà, ṣé o fẹ́ ba orúkọ Bàbá jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Alabar ni? Mo ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn èèyàn ń wo ẹsẹ̀ mi.”

“Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀.”

“O ò gbìyànjú. Ẹni tó bá gbìyànjú, a máa ń rí i.”

Ni oríṣiríṣi ìwòsàn bá bẹ̀rẹ̀. Málàmù kan kọ hàntú, ẹsẹ̀ Kùránì, sí wàláà, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n ní kí n máa mu ún kí n sì máa fi wẹ̀. Àǹtí ọkọ mi mú mi lọ sí àgọ́ àdúrà kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n so ẹsẹ̀ mi mọ́ igi níbẹ̀, wọ́n ní kí n gbààwẹ̀, wọ́n ní ẹ̀mí àìgbọràn ló wọ̀ mí. Ẹnì kan tún gbé ìyẹ̀fun kan wá tí wọ́n ń dà sí oúnjẹ ọ̀mùtí kó lè máa bì. Mo bì títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Gbogbo wọn ló gbowó. Kò sí ẹnì kan tó dá ohunkóhun padà nígbà tí ara mi ò yá, èmi ni wọ́n tún ń bú pé mi ò ní ìgbàgbọ́ tó.

Níkẹyìn, Bùrọ̀dá tì mí mọ́ yàrá kan nílé rẹ̀, níbi tí Màámi náà ń gbé. Ó gbé Kùránì sí rédíò kó máa ké lójú fèrèsé, ó ní bí mi ò bá fojú kan ọtí, yóò kúrò lára mi fúnra rẹ̀. Mi ò bínú sí i nítorí pé ó gbé Kùránì sí i. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò bi ẹni tó mọ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn. Ara mi gbọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí èèrà tí kò sí níbẹ̀ tó ń rìn lára ògiri, lẹ́yìn náà gìrì mú mi bí ọmọ ọwọ́. Ariwo ìṣubú mi ni Màámi gbọ́. Mo ti fi eyín gé ahọ́n mi jẹ, mò ń yọ ìfófó lẹ́nu nígbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn.

Ní ọsibítù, dókítà tó gbà mí kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

“Ta ló ní kí ẹ tì í mọ́lé?”

“Èmi ni. A fẹ́ kó fi ọtí sílẹ̀ ni.”

“Ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára tó báyìí, ẹ kì í já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Oògùn la fi ń mú un sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fẹ́ẹ̀ gbé òkú rẹ̀ wá fún mi.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹbí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ má ti ọ̀mùtí mọ́lé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà ni mò ń tò. Ìlà káàdì, ìlà dókítà, ìlà oògùn. Orí bẹ́ǹṣì onígi ni mo jókòó sí pẹ̀lú àwọn ìyá tó gbé ọmọ dání, nọ́ọ̀sì kan sì yọjú, ó pariwo ní Twi pé, “Ɔkɔwensani no wɔ he?” Ọ̀mùtí yẹn dà? Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí mi. Bùrọ̀dá mi rìn lọ sẹ́yìn òpó bí ẹni pé a ò jọ wá. Ojú tì mí nígbà náà. Ní báyìí tí mo bá rántí, kì í ṣe ojú ló ń tì mí mọ́, inú ló ń bí mi. Káàdì tí orúkọ mi wà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn!

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí wọ́n mú mi lọ sí ilé kan tí àwọn aládàáni ti ń tọ́jú àwọn tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sanwó rẹ̀, ó sì dùn ún. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń so táì, tí gbogbo wọn ń pè ní Dọ́kítà. Ọtí ò tíì kúrò lára mi, ojú mi ò tíì dá, ó kó ìbéèrè lé mi lórí. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ni ìdáhùn rẹ̀. Ó ní ìdánwò tó ń fi irú èèyàn tí a jẹ́ hàn ni.

Ṣé o máa ń ṣe nǹkan kí o tó ronú? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o máa ń parí ohun tí o bá bẹ̀rẹ̀? Rárá. Ṣé nǹkan tètè máa ń sú ọ? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o máa ń já àwọn èèyàn kulẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi òótọ́ dáhùn. Mo rò pé ẹni tó bá sọ òótọ́ fún dókítà ni dókítà máa ń rí wò.

Ó pe ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà jókòó níbẹ̀, kò tilẹ̀ wojú mi.

“Ìdánwò ti fi í hàn,” ló wí. “Obìnrin yìí kì í ronú, kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni, kò ṣeé fọkàn tán. Ọtí kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ gan-an. Ìwà rẹ̀ ni.”

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Bí a bá ní owó ẹnì kan tán, a ṣì lè bọ̀wọ̀ fún un. Bí a bá ní ìwà rẹ̀ ò sí, kí ló kù? Múftáù ò jiyàn. Kò pẹ́ sí i, ó kọ̀ mí sílẹ̀, ó mú Hàmdíyà lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Krofrom. Nígbà tí àwọn àgbà bi í léèrè, ó ní dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ pé èmi ò ṣeé fi ọmọ sílẹ̀ fún. Ẹ̀gbọ́n mi náà gbà fún un. Mo jáde nílé ìtọ́jú yẹn, ẹsẹ̀ mi sì gbé mi tààrà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta akpeteshie. Àbí kí ni mo tún ń dúró dè? Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kí ló fẹ́ tún ṣe?

Màámi nìkan ni kò gbà. Nígbà tí mo tún ṣubú lulẹ̀ ní ìsọ̀, wọ́n rọ́jú gbé mi lọ sí ẹ̀ka ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ ní ọsibítù ìjọba. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Mádáàmù Serwaa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa yẹ ìṣesí àti èrò inú èèyàn wò. Nígbà tó dárúkọ ìdánwò, mo fẹ́ dìde.

“Mo ti ṣe é rí,” mo wí. “Mo fẹ́ẹ̀lì.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Me nua, arábìnrin mi, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ẹ̀lì ìdánwò yìí. Jókòó. Kí ló kọ́kọ́ dé, ọtí ni tàbí àìlèjókòó?”

Mo jókòó. Kò sí ẹnì kan tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Kò kánjú. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn mú ọtí kúrò lára mi, ó sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí ojú mi fi dá, torí ó ní ọtí fúnra rẹ̀ lè mú kí èèyàn máa gbàgbé kó sì máa ṣe wàdùwàdù. Lẹ́yìn náà ló tó bi mí ní ìbéèrè. Ó jọ ti ọkùnrin onítáì yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ní Twi ló fi bi mí, tí mo bá sì dáhùn, á tún bi mí pé láti ìgbà wo? Ṣé nílé ni tàbí níbi iṣẹ́? Ṣé o fẹ́ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, àbí ó kàn ń bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́? Ó wá ní kí n mú ẹni tó mọ̀ mí ní kékeré wá.

Màámi dé pẹ̀lú ìborùn funfun wọn, ẹ̀gbọ́n mi ló fi mọ́tò gbé wọn wá, ó sì tẹ̀ lé wọn wọlé.

“Màámi,” Mádáàmù Serwaa wí, “báwo ni Sìkírátù ṣe rí nígbà tó ṣì kéré, kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ ọtí?”

“Mádáàmù, ọmọ yìí, ɔntena ase da. Kì í jókòó láéláé. Látìgbà tó ti ń rìn ni. Bí mo bá rán an ní nǹkan mẹ́ta, ọ̀kan ló máa rántí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ burúkú. Bó bá ní kọ́bọ̀, ó máa pín in. Bí mo bá ń ṣàìsàn, òun ló máa ń jókòó tì mí, tàbí kí n ní òun ló máa ń dúró tì mí, torí kò lè jókòó.” Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Mo nà á. Walaahi, mo na ọmọ yìí.”

Mádáàmù Serwaa fún wọn ní omi. Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní àìsàn kan wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn dúró sójú kan. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ gùn, èmi máa ń pè é ní ọkàn tí kì í jókòó. Wọ́n máa ń bí i mọ́ èèyàn ni. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí òun ń tọ́jú fún ọtí ló ní in tí wọn ò mọ̀, pé wọ́n ń fi ọtí ra ìdákẹ́jẹ́ ni.

“Ìdánwò ìwà kì í ṣe adájọ́,” ló wí. “Ó kàn ń tọ́ka ibi tó yẹ ká wò ni. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é fún ọ rí i pé o kì í parí nǹkan, ó ní o ò bìkítà. Kò wádìí bóyá o fẹ́ parí rẹ̀ tí o ò lè ṣe é.”

Ẹ̀gbọ́n mi tún ọ̀fun ṣe. “Ẹ ń wí pé kò sí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn?”

Èmi ni mo dá a lóhùn. “Bùrọ̀dá, èmi ni mo gbé ìgò sẹ́nu, mi ò ní kí ẹ gbà á rù fún mi. Àmọ́ ẹ so mí, ẹ tì mí mọ́lé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ọmọ mi, torí pé ẹ rò pé mo lè jókòó tí mi ò kàn fẹ́ jókòó.”

Nígbà tí a jáde, Bùrọ̀dá bi mí ibi tí ilé ìtọ́jú tó sanwó fún yẹn wà, bí ẹni pé ó ti gbàgbé, ó sì wa mọ́tò gba ibẹ̀ lọ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ọkùnrin onítáì náà wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gbọ́ wa tán, ó ní, “Madam, ìdánwò yẹn dáa. Gbogbo ayé ló ń lò ó.”

“Mi ò bá ìdánwò jà,” mo wí. “Ẹ̀yin ni mo ń bá jà. Ẹ bi mí bóyá mo máa ń parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ ò bi mí láti ìgbà wo. Ọtí ṣì wà lára mi, ẹ ti dárúkọ irú èèyàn tí mo jẹ́ fún ọkọ mi. Ọmọ mi ti kúrò lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ ẹnu yín.”

Ó ní ẹnì kan ń dúró de òun. Títí di òní, kò tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn níbẹ̀: “Ẹ má tún ṣe é fún ọmọ ẹlòmíì.” Nígbà tí a wọ mọ́tò, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó sì wa mọ́tò gbé mi lọ sí Alabar.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ó rọrùn látìgbà náà. Oògùn tí wọ́n ń fún mi fún ọkàn tí kì í jókòó ò pọ̀ ní Kumasi. Nígbà mìíràn, Accra ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ní kí wọ́n bá mi rà á, ó sì wọ́n. Mo mutí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, mo sì padà sọ́dọ̀ Mádáàmù Serwaa lọ́jọ́ kejì kí n tó lè parọ́ fún ara mi. Ó kọ́ mi bí màá ṣe máa gbé àga kan ṣoṣo síta, kí n fi tapólì bo àwọn yòókù kí ojú mi má baà rí wọn. Fóònù mi ń ké bí àkùkọ ní gbogbo ìgbà láti rán mi létí nǹkan. Àwọn káfíńtà ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà kan tí mò ń gé fóòmù, Múftáù dé ìsọ̀ pẹ̀lú Hàmdíyà, àpò aṣọ ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá mi ní òun ò lè ṣe é mọ́,” ó wí. “Ọmọ yìí kì í jókòó, kì í gbọ́ràn. Ìwà rẹ ló ń hù.”

Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló wá sí mi lẹ́nu. Mo wo ojú ọmọ náà, mo gbé gbogbo rẹ̀ mì, mo gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Bàbá Hàmdíyà,” mo wí. “Ẹ bá mi kí ìyá yín.”

Mo ti mú Hàmdíyà lọ sọ́dọ̀ Mádáàmù Serwaa. Kò tíì sọ pé ó ní in. Ó ní kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń sáré kiri ló ní in, pé ká máa wò ó, ká má sì fún un ní orúkọ kankan báyìí. Mo fara mọ́ ọn. Mo ti rí ohun tí orúkọ tí wọ́n kánjú fúnni ń ṣe.

Bí ara mi ṣe rí lónìí nìyí: mi ò mutí mọ́, ọwọ́ mi ò gbọ̀n, mo sanra díẹ̀. Orí mi ò dákẹ́ tán, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tó ń pariwo níbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì bẹ Ọlọ́run pé kó mú ìbínú yẹn kúrò. Bí ẹ bá ní ẹnì kan nílé tó ń mutí, tí gbogbo yín mọ̀ pé kò lè fọkàn sí nǹkan kan láti kékeré, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó bi yín. Bí dókítà náà ò bá fẹ́ gbọ́, ẹ wá òmíràn.

Lánàá, mo gbé ọbẹ̀ kaná, mo lọ wá sísọ́ọ̀sì mi, mo gbàgbé ọbẹ̀. Òórùn rẹ̀ ló pè wá. Hàmdíyà sáré wọlé, ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó yọjú wò ó, ó ní, “Màámi, ó ti di èédú o.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. A wá gàrí, a wá ṣúgà, a jẹun. Kò sẹ́ni tó bú ẹnì kejì.